Iṣẹ́ Olùtọ́jú Ìwé àti Bí A Ti Ń Kọ́ Ọ

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè iṣẹ́ tí olùtọ́jú ilé-ìkàwé ń ṣe, èsì tí wọn yóò fún wa ni pé ó ń jókòó ti ìwé, ó ń nu eruku orí wọn, ó sì ń bá àwọn ọmọ tí ń pariwo wí. Èmi pàápàá rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé kan tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ní Èjìgbò, ní ìhà Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, pè mí tí ó ní kí n máa bójú tó yàrá ìwé, ìdí kan ṣoṣo tí ó fi yàn mí ni pé òun kì í rí mi láìsí ìwé lọ́wọ́. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo dúpẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo to àwọn ìwé ńláńlá sí ìsàlẹ̀, mo to àwọn kéékèèké sókè. Mo kó àwọn ẹlẹ́yìn pupa jọ sí ọ̀tún, mo kó àwọn ẹlẹ́yìn aláwọ̀ ewé jọ sí òsì. Yàrá náà wá dùn ún wò bí ìsọ̀ aláṣọ. Mo tún gé páálí, mo kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì nípa ìwé kọ̀ọ̀kan sí i, mo kó wọn sínú àpótí, mo sì ní iṣẹ́ parí.

Ní sáà kejì, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì àṣekágbá, tí ilé wọn wà ní Òkè-Àfá, wá bá mi. Wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí ìlú tí wọ́n ti wá, èyí tí ó bá sì dára jù lọ ni a ó fi ránṣẹ́ sí ìdíje. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ǹjẹ́ ẹ ní ìwé tí ó sọ ìtàn Èjìgbò?" Mo tú àpótí, mo rí páálí kan tí mo kọ "Èjìgbò" sí, mo sì fa ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà kà á tọkàntọkàn. Ó kọ ọ́ pé Ògìyán ni oyè ọba ìlú òun, ó ṣe àpèjúwe ọdún iṣu tuntun, ó sì sọ bí àwọn ará ìlú òun ti ń rìnrìn-àjò lọ ṣòwò ní Àbíjàn. Èdè rẹ̀ mọ́ gaara, àròkọ náà sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n Èjìgbò tí ó kọ nípa rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Èjìgbò tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Àwọn onídàájọ́ fa ìlà pupa gba inú rẹ̀ kọjá láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì dá a padà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó kọ́ iṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Ìbàdàn wá kí mi. Ó wo pẹpẹ ìwé títí, ó nawọ́ sí àárín àwọn ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ. Ìtàn Èjìgbò tiwa ni, Èjìgbò tí ó wà láàárín Ìsọlọ̀ àti Ìkọ̀tún, tí ẹnì kan nínú àwọn ará àdúgbò kọ, tí ó sì fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ jáde. Nítorí àwòrán ọkọ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ṣe tò ó mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Lásìkò yìí, ọmọ náà ti ṣe ìdánwò tán, ó ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi kò bá mi wí. Ó kàn gbé páálí tí mo kọ sókè, ó ní, "Èjìgbò wo ni ìwọ ń sọ?"

Ìbéèrè yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá ń kọ àkọsílẹ̀ ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ilé tí ìwé ti wá: ta ni ó kọ ọ́, níbo ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ní ọdún wo, kí ni ó sì ń sọ ní tòótọ́, láìka àwòrán tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ sí. Èyí ni à ń pè ní kátálọ́ọ̀gù: kí a kọ nípa ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá a yóò fi rí i, ìbáà jẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé nìkan ni ó mọ̀, ìbáà jẹ́ orúkọ ìwé, ìbáà sì jẹ́ ọ̀ràn tí ìwé náà dá lé lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé ọjà Ládípọ̀ rí, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹ ó ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọlọ́jà kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irin nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó. Ẹ ní kí ó fún yín ní nọ́ọ̀tì kan fún irú ọkọ̀ kan, ti ọdún kan pàtó. Yóò nawọ́ sókè, yóò sì mú un wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣàìsàn, tí àbúrò rẹ̀ dúró fún un, ọjà ti kú nìyẹn, nítorí inú orí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà. Iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gù ni láti mú ohun tí ó wà nínú orí ẹnì kan jáde sórí páálí, kí ẹni tí kò mọ ọlọ́jà rárá lè mú ọjà tí ó fẹ́. Ní ayé àtijọ́, káàdì tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 12.5 ní gígùn àti 7.5 ní fífẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ìwé kan sì lè gba káàdì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀kan fún orúkọ òǹkọ̀wé, ọ̀kan fún orúkọ ìwé, ọ̀kan fún ọ̀ràn inú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni pípín ìwé sí ìsọ̀rí. Ará Amẹ́ríkà kan, Melvil Dewey, ni ó gbé ètò kan jáde ní 1876, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìkàwé gbogbo ayé ń lò títí di òní. Ó pín ìmọ̀ sí ìsọ̀rí 10, ó tún pín ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sí 10, ó sì tún pín àwọn yẹn sí 10, tí wọ́n fi di 1,000. Àwọn baba wa kò ṣàìmọ irú ètò báyìí. Babaláwo kò ní pẹpẹ ìwé, ṣùgbọ́n ojú Odù mẹ́rìndínlógún ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí Odù kọ̀ọ̀kan bá sì ti pàdé ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n di 256, abẹ́ Odù kọ̀ọ̀kan ni àwọn ẹsẹ rẹ̀ sì wà. Ka ẹsẹ kan sí etí àgbà awo, yóò sọ ilé tí ó ti jáde fún ọ. Ọdún gbọọrọ ni ọmọ-awo fi ń kọ́ èyí lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń rò pé nítorí pé ọmọkùnrin kan fẹ́ràn ẹsẹ Ifá ni a ó ṣe gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lé e lọ́wọ́. Èmi tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé fún nítorí pé mo fẹ́ràn ìwé, ẹ kúkú wò ó.

Nínú ètò Dewey, 630 ni iṣẹ́ àgbẹ̀, 966.9 ni ìtàn Nàìjíríà. Àyè tí ó wà láàárín nọ́ḿbà méjèèjì yìí ni ó jẹ ọmọ Òkè-Àfá níyà. N kò sì ní fi pa mọ́ fún yín pé ètò náà ní àbùkù tirẹ̀. Dewey fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 420 tirẹ̀, ó fún Jámánì ní 430, ó fún Faransé ní 440. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ilẹ̀ Áfíríkà ni a kó sínú yàrá kan ṣoṣo, 496, bí àlejò tí ó dé lálẹ́. Èdè Yorùbá wà ní 496.333, lítíréṣọ̀ rẹ̀ sì wà ní 896.333. Bákan náà ni nínú ọ̀ràn ẹ̀sìn: ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì gba láti 220 dé 280, ti àwọn baba wa sì wà lábẹ́ 299.6. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò mọ̀ pé ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀ rárá. Ẹni tí ó kọ́ ọ mọ̀ ọ́n, ó sì mọ bí a ti ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù ní ilẹ̀ wa ni orúkọ. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ wá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà ní Èkó tí a ń pè ní David Brown Vincent. Ní 1894 ó bọ́ orúkọ yìí sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ Mọ́jọlá Agbébí. Bí a bá to àwọn ìwé tí ó kọ ṣáájú ọdún yẹn sí abẹ́ V, tí a to àwọn tí ó kọ lẹ́yìn rẹ̀ sí abẹ́ A, ẹni kan náà di méjì, kò sì sí ẹni tí yóò rí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́. Ohun tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń ṣe ni pé yóò yan orúkọ kan fún gbogbo rẹ̀, yóò sì kọ káàdì sí abẹ́ èkejì tí yóò darí ẹni tí ń wá a lọ sí ibi tí ó yẹ.

Ti sípẹ́lì tún wà níbẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938, ọ̀rọ̀ tí ó parí orúkọ rẹ̀ ni Irunmalẹ. Irúnmọlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, irúnmọlẹ̀ ni wọn yóò sì wá. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí ọ̀nà tuntun tí a ó máa gbà kọ Yorùbá: "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "sh" di "ṣ". Síbẹ̀, ẹ wo ojú pátákó ní Òṣòdì wa yìí, "Oshodi" ni ó ṣì wà níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ tún ohun tí òǹkọ̀wé tẹ̀ sórí ìwé rẹ̀ ṣe. Bí ó ti kọ ọ́ ni a ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí sípẹ́lì tuntun nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tí yóò ṣe èyí ní láti gbọ́ Yorùbá, ó sì ní láti mọ bí a ti ń kọ ọ́ láyé àtijọ́ àti lónìí. Gbogbo ọgbọ́n Amẹ́ríkà kò lè dípò èyí fún un.

Níbo ni a ti wá ń kọ́ iṣẹ́ yìí? Ní àtètèkọ́ṣe, àfi kí ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba. Ní 1944, British Council ṣe ìrànlọ́wọ́ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Achimota, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, fún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Ethel Fegan, ni ó ṣe olùkọ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò tọ́jọ́. Lẹ́yìn náà ni John Harris, tí ó ti New Zealand wá ṣe olórí ilé-ìkàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn ní 1948, bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún un pé nílé ni ó yẹ kí a ti máa kọ́ àwọn ènìyàn wa. Ní 1957, àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà rán Harold Lancour wá wo ipò tí àwọn ilé-ìkàwé wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; láti inú ìròyìn tí ó kọ ni owó ti jáde, tí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilé-ìkàwé fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1960.

Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi dé. Àwọn ará Ìbàdàn ní, láti 1963, ẹni tí ó bá ti gba oyè yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ mìíràn ni àwọn yóò máa gbà, kí ó fi iṣẹ́ ilé-ìkàwé lé e lórí. Ní Sáríà, Yunifásítì Ahmadu Bello ṣí tirẹ̀ ní 1968, wọ́n sì ní ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé gíga lè wá kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi gba oyè, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ tí ilẹ̀ wa nílò pọ̀ ju èyí tí Ìbàdàn lè pèsè lọ. Àwọn méjèèjì ní ìdí. Ẹni tí kò mọ kẹ́místrì yóò to ìwé kẹ́místrì sí àìdáa, gẹ́gẹ́ bí mo ti to ìwé ìtàn mọ́ ọkọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń retí kí gbogbo olùtọ́jú ìwé gba oyè méjì, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé yóò wà lọ́wọ́ irú èmi títí ayé. Lónìí, ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀, Ìbàdàn náà sì ń gba àwọn tí kò tíì gba oyè kankan. Àwọn pólì kan tún wà tí wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà.

Ẹnì kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adetowun Ogunsheye, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń fi "sh" kọ orúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ni ó kọ́kọ́ kà ní Cambridge kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ilé-ìkàwé ní Amẹ́ríkà. Òun ni ó di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ilé-ìkàwé ní Ìbàdàn, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà. Ohun tí mo fi ń yìn ín jù ni ilé-ìkàwé tí ó dá sílẹ̀ ní Abadina, nínú ọgbà yunifásítì, fún àwọn ọmọdé. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń rí i bóyá ohun tí wọ́n kà nínú ìwé bá ohun tí ọmọ kékeré ń béèrè mu.

Oyè nìkan kò tó láti fi ṣiṣẹ́ mọ́. Òfin kan tí ó jáde ní 1995 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ń forúkọ àwọn olùtọ́jú ìwé sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ yìí sì fẹ́ kí wọ́n máa tún ẹ̀kọ́ ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ìwé, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, náà ní ẹ̀ka kan fún àwọn oníṣẹ́ kátálọ́ọ̀gù, tí ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má ṣe rò pé àṣejù ni. Ìlànà tí wọ́n fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìwé ní 1978 ni òmíràn gba ipò rẹ̀ ní 2010. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ní àwọn ọdún 1980, tí kò sì kọ́ nǹkan kan mọ́, káàdì ni yóò máa wá káàkiri nínú ilé tí kò sí káàdì mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni kátálọ́ọ̀gù wà báyìí. Ètò kan tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lò fún un ni Koha, tí ilé-ìkàwé kan ní New Zealand kọ́kọ́ lò ní ọdún 2000. Ẹ̀bùn ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Māori. Ilẹ̀ kan náà tí Harris ti wá ni.

Kọ̀ǹpútà yìí kò sì mọ Yorùbá. Tẹ "oko" sí i, ó lè kó ìwé oko, ti òkò, ti ọkọ, ti ọkọ́ àti ti ọkọ̀ wá fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ tí kò fojú fo àmì, ó lè má mú ọ̀kankan wá. Lẹ́tà tí ó ní àmì lókè tí ó tún ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹ́, ju ọ̀nà kan lọ ni a lè gbà tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Lójú wa, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, wọ́n lè di lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá tẹ orúkọ òǹkọ̀wé kan náà ní ọ̀nà méjì, a tún ti padà sí ọ̀ràn Vincent àti Agbébí nìyẹn.

Ó ku ohun kan. Òfin ilẹ̀ wa, láti 1970, ní kí olùtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan fún Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà ní ẹ̀dà mẹ́ta nínú ìwé yòówù tí ó bá tẹ̀ jáde, kí a lè kọ ọ́ mọ́ àkọsílẹ̀ àwọn ìwé ilẹ̀ wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mọ òfin yìí. Àgbàlagbà tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tẹ ìtàn àdúgbò rẹ̀, tí ó sì pín in níbi ayẹyẹ, kì í sábà mọ̀ ọ́n. Irú ìwé wọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ máa ń sọnù, wọ́n sì lè má wà níbòmíràn ju yàrá ìwé ilé-ìwé kan lọ, láàárín àwọn ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀.

Nígbà ọlidé tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn olùkọ́ tí ń tọ́jú yàrá ìwé. Mo padà dé, mo tú gbogbo ohun tí mo tò palẹ̀, mo sì fi sáà mẹ́ta gbáko tún un tò. Ẹ̀yìn pupa àti ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé dàrú mọ́ ara wọn, yàrá náà kò sì dára wò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú àpótí káàdì, Èjìgbò ti di méjì: "Èjìgbò (Ìpínlẹ̀ Èkó)" àti "Èjìgbò (Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun)". Ìwé pẹlẹbẹ yẹn wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Àròkọ ọmọ Òkè-Àfá náà, tí ó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ìlà pupa tí ó wà lára rẹ̀, mo fún òun náà ní nọ́ḿbà, mo sì fi í sí abẹ́ ti èkejì, níbi tí gbogbo ohun tí ó kọ ti jẹ́ òtítọ́.